Ohùn Gìtá Tí Ìyá Àgbà Bá Rìn Dé Iwájú

Ní ìjọ wa ní Bárígà, àṣà kan wà tí n kò tíì rí níbòmíràn. Ní ọjọ́ ìkórè, nígbà tí ó bá kan àwọn ìyá àgbà láti gbé ọrẹ wọn síwájú, ẹnikẹ́ni kì í kọrin, ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́, gbogbo ìlù a sì dákẹ́. Gìtá oníná nìkan ni ó máa ń bá wọn rìn. Yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ ta orin ìyìn kan, yóò sì di ohùn ìkẹyìn orin náà mú, láìjẹ́ kí ó já, títí ìyá tó gbẹ̀yìn yóò fi gbé ọrẹ rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá tó máa ń gbẹ̀yìn náà ni ìyá tó bí bàbá mi, nítorí pé orúnkún ọ̀tún wọn kì í gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Ní ìkórè èṣí, bọ̀dá tí ń ta gìtá fún wa kò lè di ohùn náà mú. Ohùn náà kú nígbà tí ìyá àgbà mi ṣì wà láàárín ọ̀nà. Gbogbo ìjọ ń gbọ́ bí ọ̀pá wọn ti ń kan ilẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, títí wọ́n fi dé iwájú. Nígbà tí a délé, wọ́n ní, "Mo rìn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé ibi ìdánwò." A rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n fi oúnjẹ wọn sílẹ̀ láàbọ̀. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n sọ fún bàbá mi pé kí ẹlòmíràn máa bá àwọn gbé ọrẹ síwájú láti ìgbà náà lọ. Àwọn yóò jókòó sí àyè àwọn. Obìnrin tó kiri aṣọ láti Onípáànù dé Fọlá Àgòrò nígbà ọ̀dọ́ wọn ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Nígbà tí bọ̀dá náà gbéyàwó, tí wọ́n sì kó lọ sí Ọ̀bàníkòró, iṣẹ́ gìtá di tèmi. Kì í ṣe pé wọ́n rí ẹ̀bùn kan lára mi. Nínú gbogbo àwa akọrin, èmi nìkan ni mo ní gìtá tèmi.

"Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni yóò ta á," ni ìyá àgbà wí, "màá rìn."

Mo bi wọ́n pé, "Bí ó bá jẹ́ kíbọọ̀dù ńkọ́?"

"Màá jókòó. Ẹ̀rọ yẹn kì í wo ojú èèyàn."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kíbọọ̀dù náà ti múra sílẹ̀. Ọ̀gá akọrin wa, ìyá kan tí ń ṣe olùkọ́ ìṣirò tí kì í gba ìdáhùn láàbọ̀, sọ fún mi pé, "Wàá ta á fún mi ní ìdánrawò Sátidé. Bí ohùn yẹn bá tún kú sí ọ lọ́wọ́, kíbọọ̀dù ni màá gbé e fún."

Ọmọkùnrin tí ń tẹ kíbọọ̀dù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀. Ó ní, "Kò sí wàhálà, mà. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo lè lọ ra gúgúrú kí n tó padà wá bá a."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibi tí ìṣòro mi ti wá. Ládùúgbò wa, iná kì í sábà sí ní ọ̀sán, bàbá mi kò sì gbà kí a tan jẹnẹrétọ̀ nítorí gìtá. Nítorí náà, láìsí iná ni mo fi kọ́ gìtá oníná. Irú gìtá bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí iná lára rẹ̀, kò lóhùn ju ẹ̀fọn inú ìgò lọ. Kí n tó lè gbọ́ ara mi, àfi kí n fi gbogbo agbára lu okùn rẹ̀, ọwọ́ mi sì mọ́ ọn. Nígbà tí mo wá dé ilé ìjọsìn, tí wọ́n so gìtá náà mọ́ ámpù, ìyẹn àpótí tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, ohùn náà ta kìjí bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára, ó sì kú kí n tó mí.

Mo rò pé agbára ni kò tó. Mo yí bọ́tìnnì ámpù tó ń mú kí ohùn gìtá le koko dé òpin. Lóòótọ́, ohùn náà kò kú mọ́. Ó ń han gooro. Ọ̀gá akọrin fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn ìyá àgbà là ń pè wá síwájú. A kò lé wọn jáde."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí Sátidé náà tó pé, wọ́n mú iná wá. Mo sáré so gìtá mọ́ ámpù kékeré mi. Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń fi imú kọ orin kan náà tí mo ń ta. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́.

"Ọkọ mi, kí ni okùn yẹn fi ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, ìyá àgbà. Mo fẹ́ kí ó dún ni."

"Iná ti dé. Ta ni o tún ń pariwo fún?"

Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn. Èmi ò lè padà sídìí ohun tí mo ń ṣe. Mo gbé ohùn ámpù sókè díẹ̀, mo wá fọwọ́ kan okùn náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń jí ọmọ tó ń sùn. Ohùn náà jáde ní kíkún, ó sì dúró. Mo yí bọ́tìnnì tó ń mú kí ohùn mú wálẹ̀, kí ó má baà máa gún etí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo àwọn okùn tí n kò lò, kí wọ́n má baà máa kùn. Ṣùgbọ́n ara ìyá àgbà ni mo ti kọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Bí wọ́n bá dé òpin ìlà orin, wọn kì í gé ohùn wọn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ó gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Mo fi ìka òsì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí okùn: mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì ń mì ín láìgbé e kúrò. Mo tún ṣàkíyèsí pé bí mo bá kọjú gìtá sí ámpù láti ibì kan tó súnmọ́ ọn, ohùn tó jáde a padà wá mi okùn náà, a sì fún un ní èémí mìíràn. Bí mo bá súnmọ́ ọn jù, a pariwo. Bí mo bá jìnnà jù, a kú.

Ní Sátidé, ọ̀gá akọrin pa ojú dé títí mo fi parí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Má jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́ lórí." Ọmọ oníkíbọọ̀dù ní gúgúrú ti wu òun jẹ tẹ́lẹ̀.

Mo fi ẹfun sàmì sí ibi tí màá dúró sí. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀ ìkórè, wọ́n ti kó iṣu jọ sórí àmì náà. Báyìí ni mo ṣe dúró láàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí ohun tí wọ́n fẹ́ tà lẹ́yìn ìsìn.

Àwọn ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Mo ta orin náà dé òpin, mo sì di ohùn ìkẹyìn mú. Gbogbo wọn ti dé iwájú àfi ìyá àgbà tèmi, tí wọ́n gbé ọsàn sínú abọ́ kékeré. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀nà, níbi tí ohùn ti kú ní èṣí gan-an, wọ́n dúró.

Mo rò pé orúnkún ni. Rárá o. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. Wọ́n yíjú sí ìyá kan tó jókòó létí ọ̀nà, wọ́n kí i, wọ́n sì bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí tín-ín-rín. Mo fi ara tẹ̀ sí ọ̀nà ámpù, débi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń gún mi léjìká, mo mi ìka mi, ohùn náà sì tún kún padà. Ìgbà náà ni ìyá àgbà wò mí. Mo rí ẹ̀rín lẹ́nu wọn, mo sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n rìn dé iwájú, wọ́n gbé ọsàn wọn kalẹ̀, mo sì gbé ìka mi kúrò. N kò gbọ́ ọ̀pá wọn rárá.

Nílé, mo bi wọ́n pé, "Ìyá àgbà, kí lẹ dúró ṣe láàárín ọ̀nà?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dúró dè mí."

"Bí ó bá kú ńkọ́?"

Wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn, abọ́ wọn sì mọ́ féfé.

"Kò kú," ni wọ́n wí. "Lọ́dún tó ń bọ̀, màá kí èèyàn méjì."