Ètò Tó Ń Retí Ìdáhùn

Ara mi máa ń gbóná bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ní nǹkan ti gbó, kí wọ́n kó o dànù. Ṣé ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ni? Bí kò bá tíì ṣíwọ́, kí ló fi ṣe yín? Ìbéèrè tí mo bi ọkùnrin kan nìyí ní Àkúrẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lójú ọ̀nà Ọ̀dà.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá wọn wà ní Oǹdó, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kọ ètò kọ̀ǹpútà kan síbẹ̀, láyé ìgbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣì dúdú, tí lẹ́tà inú rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ètò yìí mọ bíréèkì tó bá mọ́tò kọ̀ọ̀kan mu, ó mọ èyí tí a lè fi rọ́pò òmíràn, ó sì mọ orí pẹpẹ tó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn. Bí mẹkáníìkì láti Ìjàrè bá béèrè nǹkan ní Àkúrẹ́, àfi kí wọ́n pe Oǹdó, kí Màmá lọ tẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó padà wá fèsì.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà kan wá láti Èkó. Wọ́n ní kò sí ọgbọ́n mìíràn ju ká ra irinṣẹ́ olówó gọbọi kan, ká sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ gbà, Màmá kọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn pe èmi tí mo máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe lórí fóònù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá wọn, òun nìkan ló kù tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n pa á lójú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sọ fún ọmọ wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, usẹ́ kékeré nìyí." Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, bí inú bá ti ń bí mi, Yorùbá ilé ìwé á sá kúrò lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí ètò náà kò bá dáhùn lórí fóònù òun lọ́jọ́ náà, àwọn ará Èkó á wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Mi ò ra irinṣẹ́ kankan. Ohun tí èèyàn fi ń kọ lẹ́tà lásán lórí kọ̀ǹpútà ni mo fi kọ ètò kékeré kan. Alárinà ni mo ń pè é, torí iṣẹ́ alárinà gan-an ló ń ṣe. Bí ìbéèrè bá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá, á gbà á, á tẹ̀ ẹ́ fún ètò bàbá bíi pé ọwọ́ èèyàn ló wà lórí bọ́tìnnì, á ka èsì tó bá jáde, á sì gbé e lọ fún ẹni tó béèrè. Mi ò fọwọ́ kan ìlà kan ṣoṣo nínú ti bàbá. Mo gbé e lọ sí Oǹdó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a dán an wò, ó dáhùn. Mo fọ́nnu dáadáa. Mo ní kí Màmá máa sinmi nílé láàárọ̀, kọ̀ǹpútà á máa tan ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n ní Àkúrẹ́. Ó béèrè bíréèkì lórí fóònù. A dúró, a dúró, kò sí èsì. Kò bú mi, ẹ̀rín ló ń rín, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo wọ mọ́tò Oǹdó pẹ̀lú ìbínú.

Ohun tí mo bá lójú kọ̀ǹpútà nìyí. Ètò bàbá ti kọ ọ́ pé, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Alárinà mi ti fi orúkọ bíréèkì dá a lóhùn. Ètò bàbá ní, "A dúpẹ́," ó sì dákẹ́, ó ń retí ìbéèrè. Alárinà náà dákẹ́, ó ń retí èsì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láàárọ̀ nìkan, bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ló máa ń kíni, ọ̀sán la sì dán an wò. Ta ní ń wọlé tọ àgbà láàárọ̀ láìkí i? Mo fi ìlà méjì kún iṣẹ́ mi, pé kí alárinà kọ́kọ́ dáhùn ìkíni kó tó béèrè ohunkóhun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù ẹ̀gbọ́n ń gba èsì, ó sì ti sọ fún àwọn ará Èkó pé kí wọ́n má wàhálà.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀, àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá pè mí.

"Ọmọ mi, mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, bàbá wọn ti kíni tán. Ta ló dá wọn lóhùn?"

"Ẹ̀rọ ni, Mà."

"Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, èmi ni mo máa ń dá wọn lóhùn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo ti gba ètò náà là, mo sì ti gba ohun tí Màmá torí rẹ̀ fẹ́ ẹ kúrò lọ́wọ́ wọn. Mo padà sí Oǹdó, mo yọ ìlà méjèèjì kúrò, mo sì ní kí alárinà dúró títí ọwọ́ èèyàn yóò fi dáhùn ìkíni. Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n pé láti òní lọ, títí Màmá yóò fi jókòó dáhùn ìkíni láàárọ̀, ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ kò ní rí èsì gbà.

"Irú iṣẹ́ wo nìyẹn?" ló bi mí.

"Bàbá yín ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," mo dá a lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n. Mẹkáníìkì kan ń dúró gba bíréèkì, fóònù kò fèsì. Mo ti ń múra pé èmi ni yóò yíjú sí, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n sùn dáadáa, ó béèrè orúnkún wọn, ó béèrè ohun tí wọ́n jẹ. Ọ̀rọ̀ náà gùn, mẹkáníìkì ń wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má kánjú, Màmá," ó ní. "Bí ẹ bá ti dá bàbá lóhùn tán, a ó ṣí ṣọ́ọ̀bù."