Egúngún Inú Tẹlifíṣàn

Mo rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé etí nìkan ni mo fi ń ta géèmù. Ilé ìdáná ni mo máa ń wà, èmi á máa bó ẹ̀gúsí, orin géèmù á sì máa gba ara ògiri pálọ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Orin kúkúrú ni, bí ẹni ń fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò. Yóò dún, yóò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ìbọn yóò bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Kàbà ni èyí. Bàbá tó bí mi ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, ló mú mi kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ìyámoyè kí n lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin tó wà nígboro. Mo fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ yẹn ju oúnjẹ lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, n ó lọ aṣọ rẹ̀, n ó gbé e kọ́, n ó wá jókòó máa wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Bàbá bí, òun ni mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan tó ti Kàdúná wá ṣọdún ló gbé géèmù náà fún un. Àpótí kékeré kan ni, paadi méjì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ so mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá fẹ́ ta á, wọ́n á yọ wáyà ẹ́ríà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣàn, wọ́n á ki ti géèmù bọ ibẹ̀, wọ́n á wá máa yí bọ́tìnì ìkànnì títí àwòrán yóò fi jáde láàrin ohun funfun tó ń hó yààyàà lójú rẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì tí géèmù wà nínú rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fẹ́ ẹnu sí i nídìí, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́. Èyí tí gbogbo wọn fẹ́ràn ni ti ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan tó ń yìnbọn lu àwọn ọkọ̀ ọ̀tá tó ń rọ́ wá láti òkè. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń yí ọkọ̀ náà kiri, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa tẹ bọ́tìnì ìbọn. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù á kọ lẹ́tà mẹ́ta orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, mo gba paadi, mo ta á, mo sì kọjá ibi tí Ẹ̀gbọ́n kú sí. Ó já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Egúngún ni èyí o. Obìnrin kì í rí i. Bó bá ti jáde, kí gbogbo obìnrin ilé wọlé." Lọ́dọ̀ tiwa, egúngún wà lóòótọ́ tí obìnrin kì í rí. Bí ó bá fẹ́ jáde, a ó wọlé, a ó tìlẹ̀kùn títí yóò fi kọjá, a kì í sì í fi òfin yẹn ṣeré. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, "Tọ̀, òfin ti délẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọlé." Bàbá yìí kan náà ni àgbà ìjọ, tí kò jẹ́ kí egúngún gidi kan gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ti inú tẹlifíṣàn bá a lára mu. Láti ọjọ́ náà, bí Ẹ̀gbọ́n bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, yóò ké pé egúngún ti jáde, èmi àti ìyá tó bí i lọ́mọ á sì gba ilé ìdáná lọ. Èmi òpè tilẹ̀ ń di ojú mi bí mo bá ń gbé omi gba pálọ̀ kọjá, kí n má baà yàgàn. Mo ti fi orí gbá férémù ilẹ̀kùn nítorí ìgbọràn yẹn.

Àléébù kan ni géèmù ìgbà náà ní: kò lè rántí nǹkan. Bí wọ́n bá ti pa á, tàbí tí wọ́n mú iná, orúkọ tó wà lókè á parẹ́ bí ẹni pé olówó orúkọ kò ta á rí. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ kí tirẹ̀ parẹ́. Nítorí náà, ó máa ń fi géèmù sílẹ̀ ní títàn, á fi aṣọ bo tẹlifíṣàn lójú, á bá tirẹ̀ lọ. Bàbá sì ti sọ ọ́ títí, pé ẹni tó bá ń jáde kí ó yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná, nítorí bí iná bá lọ, a kì í mọ bí yóò ṣe padà wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó fi géèmù sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n mú iná. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ó wá tìbínú-tìbínú. Gílóòbù fọ́ lókè orí wa, mo sì gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Mo sá wọ pálọ̀, mo gbàgbé egúngún, mo fa wáyà yọ lára ògiri. Tẹlifíṣàn ti ń rú èéfín. Bí mo ṣe dúró báyìí pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́ ni Bàbá wọlé, Ẹ̀gbọ́n tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n wo èéfín, ó wo Bàbá, ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Mo sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án."

Mo lanu, Bàbá gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Kò bi mí ní ohunkóhun. Ìyá ilé, ìyá Ẹ̀gbọ́n, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó mọ ibi tí mo ti wá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ kúrò níbẹ̀ ni, ó sì wolẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti di ẹrù mi. Bàbá ní ọmọ tó ń ba nǹkan jẹ́ kò yẹ ìgboro, kí n padà lọ ran ìyá òun lọ́wọ́ lóko. Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bá mi gbé àpò dé gáréèjì. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra, ó ní, "Okun o," bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé dé Ìyámoyè.

Ìyé ni gbogbo wa ń pe ìyá àgbà náà. Mo bá a ro oko, mo bá a yan gàrí, mo sì ń gbèrò bí n ó ṣe gbẹ̀san. Àwọn èrò ìgbà náà ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí. Mo fẹ́ fi ata sínú ṣòkòtò rẹ̀. Mo fẹ́ kí ejò bù ú jẹ, ṣùgbọ́n kí ó má kú, kí ó lè mọ̀ pé èmi ni. Mo gbààwẹ̀ kí orí rẹ̀ lè pá. Ọlọ́run gbọ́ èyí, ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni.

Ìgbà tí egúngún jáde ní Ìyámoyè ni ojú mi là. A ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, Ìyé jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí a ó fi ṣe gàrí, ó sì ń sọ ohun tí egúngún ń ṣe níta bí ẹni tó ń wò ó. "Ó ti dé abẹ́ igi. Ó ń yí báyìí. Ó máa tó jókòó." Mo ní, "Ìyé, ẹ ò sì rí i rí." Ó rẹ́rìn-ín sínú. "Ọkùnrin ló rò pé ojú nìkan la fi ń mọ nǹkan. Láti kékeré ni wọ́n ti ń tì mí mọ́lé nítorí rẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ tó ń gbé tí mi ò mọ̀."

Mo dúró pẹ̀lú abọ́ gàrí lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe mọ géèmù. Mo mọ orin ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ ibi tí ọkọ̀ ọ̀tá ti ń pọ̀ sí i, mo mọ ìró kékeré kan, kín, tó máa ń dún kí àwọn kan tó yọ láti ẹ̀yìn. Mo sì mọ̀ pé lẹ́yìn ìró yẹn, òṣé ni Ẹ̀gbọ́n máa ń pa, nítorí ibẹ̀ ló ń kú sí nígbà gbogbo. Kò fetí sí i rí. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ata àti ejò. Ohun tí mo fẹ́ di ẹyọ kan: kí n fi egúngún rẹ̀ yẹn lù ú bolẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Bàbá ẹni tó ba tẹlifíṣàn jẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi ni n ó gbé òtítọ́ náà wá.

Ó pẹ́ kí n tó kàwé jáde, nítorí ẹni tó ń fi ọjọ́ oko kàwé kì í yára. Mo di olùkọ́, mo ní kí wọ́n gbé mi wá sí Kàbà. Ìyá ilé ti kú nígbà náà, Bàbá ti darúgbó, Ẹ̀gbọ́n ti di ọ̀gá ní Àbújá, kì í sì í wá ju ìgbà ọdún lọ. Mo kó wọ inú ilé náà, mo ń se oúnjẹ Bàbá, mo ń bá a wá oògùn rẹ̀. Àwọn ará ìjọ ní ọmọ rere ni mí, pé mo fi ire san ibi. N kò já wọn ní koro. Ọdẹ tó mọ odò tí ẹran ń mu kì í sáré kiri igbó. Mo mọ̀ pé ilé bàbá rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n yóò padà sí, ibẹ̀ ni mo sì jókòó dè é.

Ìgbà tí mo rí i pé wọ́n ti ń ta àwọn géèmù àtijọ́ náà ní ẹ̀yà tuntun, mo ra ọ̀kan. Kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ihò pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn ni a ń kì í bọ̀, a ó ki wáyà iná rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, a ó wá fi rìmóòtù yan ihò tí a fi í sí. Paadi rẹ̀ kò ní wáyà, bátìrì ni wọ́n ń fi sí i nínú. Kò sí pé à ń yí ìkànnì, kò sí pé à ń fẹ́ ẹnu sí ìdí kásẹ́ẹ̀tì. Mo wá ọkọ̀ òfúrufú yẹn títí mo fi rí i. Nígbà tí orin rẹ̀ dún, mo gbóòórùn ẹ̀gúsí. Nígbà tí ìró kékeré náà dún, ọwọ́ mi ti yí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú mi tó rí ohunkóhun.

Ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ń dán, ikùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo tan géèmù, ó sì pariwo bí ọmọdé. "Hàbà! Ibo lo ti rí èyí? Èmi ni ọ̀gá rẹ̀ o, ẹ bi Bàbá." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá borí yín, ẹ ó sọ fún Bàbá níbí, lójú àwọn ọmọ yín, ẹni tó fi géèmù sílẹ̀ lára iná ní ọjọ́ tí tẹlifíṣàn jó." Ẹ̀rín rẹ̀ dúró díẹ̀. "O ṣì ń rántí ìyẹn?" Mo ní mo ń rántí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó, kò sì lè sá. Ó ní, "Ìwọ? Mo gbà."

Òun ló kọ́kọ́ ta á. Ó ń ta á dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìró kékeré náà dún. Kò gbọ́ ọ. Wọ́n ti ẹ̀yìn yọ sí i, ó sì kú síbi tó ti ń kú sí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó pa òṣé. Òṣé kan náà ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Mo gba paadi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ti kúrò lójú ọ̀nà wọn kí wọ́n tó yọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní bàbá rẹ̀ ló kọ́ mi. Mo ń lọ títí máàkì Ẹ̀gbọ́n fi jìnnà sẹ́yìn, mo wá fara balẹ̀ kọ lẹ́tà mẹ́ta orúkọ mi sókè. Inú mi dùn débi pé eyín ń ro mí.

Mo ní, "Ó ku ọ̀rọ̀ ẹnu yín." Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ti wolẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo fi sílẹ̀ lára iná. Òun kò ṣe nǹkan kan."

Bàbá ń fi èékánná ta ẹran kúrò láàrin eyín. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Ó ní, "Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn tó o lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé mi. Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ kò sì ránṣẹ́ pè mí?"

"Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní," ni ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. "Kí n wá pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo ilé? Ìwọ, obìnrin, ilé ọkọ lo sáà ń lọ."

Ẹni tí mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn dọdẹ jókòó níwájú mi pẹ̀lú orí pípá rẹ̀, n kò sì rí nǹkan kan lára rẹ̀ tí mo tún fẹ́ gbà. Ìbínú mi ti kúrò lára rẹ̀, ó ti lọ jókòó sí àga kejì, lọ́dọ̀ Bàbá. Mo dìde, mo gbé ọ̀pá Bàbá fún un, mo kúnlẹ̀ dáadáa bí wọ́n ti kọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ wọlé. Egúngún ti jáde." Ó wò mí lójú. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó tilẹ̀ wọ yàrá lọ, mo sì pa ìlẹ̀kùn dé.

Ẹ̀gbọ́n ti padà sí Àbújá, ṣùgbọ́n òfin ṣì wà. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí Bàbá ti jẹun, tó ti lo oògùn rẹ̀, n ó tan géèmù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dìde wọ yàrá báyìí, n kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Géèmù ìsinsìnyí kì í gbàgbé. Bí wọ́n tilẹ̀ mú iná, orúkọ mi á ṣì wà lókè bí wọ́n bá dá a padà. Ìwàásù ìdáríjì pọ̀ ní ìjọ wa, mo sì ń ṣe àmín sí i. Mo mọ bí pálọ̀ yìí ṣe ń dún létí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, mo mọ bí ẹ̀rín àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe ń rí. Mo fẹ́ kí òun náà mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ta á lọ jẹ́jẹ́, ìró kékeré náà dún, mo sì gbọ́ ohùn Bàbá láti inú yàrá. Ó ní, "Ẹ̀yìn o, ọmọ mi. Wọ́n ń bọ̀ láti ẹ̀yìn."

Mo dá a lóhùn, n kò dìde ṣílẹ̀kùn. Mo ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."