Ìka Tí Kì Í Tètè Jí

Láràárọ̀, kí obìnrin aránṣọ kan tó lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, yóò kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ àkísà kó gbóná, yóò sì fi wé ọwọ́. Oríkèé ìka rẹ̀ á ti wú, á le gbagidi. Tó bá rán aṣọ títí dọ̀sán, wọ́n á rọ̀ díẹ̀. Ohun tó tàn án jẹ nìyẹn: ó gbà pé iṣẹ́ ni oògùn wọn. Bí ìka ṣe ń le sí i ló ń gbaṣẹ́ kún iṣẹ́.

Ọkọ rẹ̀, tí kò rán bọ́tìnì rí láyé, ní àlàyé tirẹ̀.

"Ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́. Ìka wo ló ń sùn ju olúwa rẹ̀ lọ?"

"Ẹ ṣeun, bàbá ọmọ mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àlùmọ́gàjí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò lè mú un nílẹ̀ mọ́, jìnnìjìnnì bò ó. Bí ọwọ́ bá kọṣẹ́, kí ló kù fún aránṣọ? Ó gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà tẹ oríkèé rẹ̀ wò. "Mà, bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú. Ara ló ń kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Tó bá jinná, wọ́n á padà sílé. Tiyín kọ̀, wọn ò lọ. Wọn ò rí ọ̀tá, wọ́n wá kọjú ìjà sí oríkèé fúnra rẹ̀. Bó bá pẹ́, wọ́n á jẹ eegun."

"Ṣé wọ́n ti jẹ tèmi?"

Dókítà gbé àwòrán eegun ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà síwájú iná. Aránṣọ na ọrùn wò ó.

"Eegun yín ṣì pé, mà. A óò fún yín lóògùn tí yóò lé àwọn ọmọ ogun yẹn."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó tètè wá; orí ló yọ ọ́.

Oògùn náà ò kánjú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tán kó tó rántí pé áyọ́ọ̀nù ṣì tutù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ rẹ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnì rẹ̀ já wọlé. "Ṣé o rí i? Ọ̀lẹ náà ti lọ."

Aránṣọ na abẹ́rẹ́ sí i. "Ẹ gbà, olówó orí mi. Ẹ rán an. Iṣẹ́ ni oògùn ọ̀lẹ."

Ọkọ fi gún ara rẹ̀ níka. Ojú ibẹ̀ pọ́n, ó wú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ sílẹ̀. Ọmọ ogun tirẹ̀ mọ ọ̀nà ilé.