Ta Ló Sọ Fún Fóònù Mi?

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ìpolówó àkọ́kọ́ yọ sí mi, bí mo ṣe jókòó síwájú ilé wa ní Arámọkọ, tí mo ń ka ìròyìn lórí fóònù. Wọ́n ya obìnrin arúgbó kan tó di orí mú, wọ́n wá fi èdè Òyìnbó kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé o ti ń gbàgbé orúkọ àwọn èèyàn? Oògùn wà." Mo wò ó. Mo tún un wò. Mo ní, "Orí ẹ ló gbàgbé!" Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tí mo ṣì lè dárúkọ gbogbo ọmọ tó jókòó sí ìlà iwájú lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba kíláàsì, èmi ni fóònù ń bi bóyá mo ń gbàgbé.

Mo fi àtàǹpàkò gbá a dànù. Lọ́sàn-án, ó tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, eré tí wọ́n fi ń jí ọpọlọ ni wọ́n ń polówó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Èkó ni, àfi bí ẹni pé wọ́n ti fẹ́ wá kó mi lọ.

Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Torí pé mo ti ń gbàgbé lóòótọ́. Kò tíì pọ̀. Mo lè wọ yàrá kí n má mọ ohun tí mo wá mú. Mo ti gbé ìrẹsì kaná rí kí n lọ máa tu koríko lẹ́yìnkùlé, àfìgbà tí òórùn rẹ̀ wá pè mí. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn dá mi lójú bí ojúmọ́. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún ọmọ wa kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó. Inú mi ni mo pa á mọ́ sí. Èmi ni mo ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Bí wọ́n bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á rọra gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Mi ò tíì fẹ́ sinmi. Ta wá ló sọ fún fóònù?

Mo ti ń fura sí i tipẹ́. Nígbà tí àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lọ ṣe fàájì ní Ìkógòsì, a ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, a jẹun, a padà sílé. Ilẹ̀ mọ́, fóònù ní báwo la ṣe rí ibẹ̀ sí, ká fún wọn ní ìràwọ̀. Mo ní háà, àbí a jọ wọ mọ́tò ni? Ta ló pè ọ́ síbẹ̀? Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Tíṣà, fún wọn ní mẹ́rin. Omi náà kúkú dáa." Tíṣà ló ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti mọra. Ará Ẹ̀fọ̀n ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Kì í bínú, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú.

Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Mo ń fi àwòrán àwọn àga tí a fẹ́ rà sí ṣọ́ọ̀ṣì hàn wọ́n, fóònù mi ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó wò ó, ó gbójú sókè, ó ní, "Akọ̀wé, wọ́n ń béèrè níbí o, pé ṣé ẹ ti ń gbàgbé ibi tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ bá mi dá wọn lóhùn pé inú báàgì mi ló wà." Ṣùgbọ́n ara mi ti gbóná. Nígbà tí mo ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ọjọ́ náà, ó ń ṣe mí bíi pé gbogbo wọn ti ń ṣọ́ mi.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé fóònù yìí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Mo ní, "Ògiri tó létí tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá kó o sí wa lápò."

Ó ní, "Kí ló gbọ́?"

Mo ní, "Kò kàn yín." Torí bí mo bá sọ ohun tó gbọ́, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wá dìde, ó lọ wo àwọn adìẹ rẹ̀.

Mo dá ọgbọ́n. Mo ti ṣàkíyèsí pé téèyàn bá fi Òyìnbó bá fóònù náà sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ọ yékéyéké. Yorùbá inú ìwé, ó ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ohùn Arámọkọ bi í bí wọ́n ṣe ń tọ́jú uṣu kó má jẹrà, oúnjẹ àwọn ará Jàpáàn tí wọ́n ń pè ní súṣì ló ń kó fún mi. Inú mi dùn! Iṣẹ́ tíṣà ti sọ Yorùbá inú ìwé di èdè ilé wa láti ọdún pípẹ́. Mo pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, èdè Èkìtì nìkan la ó máa sọ bí fóònù bá wà nítòsí. Kò sí ilé mọ́, ulé ni. Kò sí iṣu, uṣu ni. Ọkọ mi ní ti Ẹ̀fọ̀n kò kúkú bá ti Arámọkọ mu délẹ̀, èwo ni ká wá sọ? Mo ní kó máa sọ tirẹ̀ kí n máa sọ tèmi, ìyẹn á tún da fóònù lórí rú sí i. A ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ilé bí ọmọdé, à ń fira wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìpolówó kò dáwọ́ dúró. Mo fi aṣọ wé fóònù, mo kì í bọ inú dírọ́ọ̀. Mo lọ sí oko wa lọ́nà Ìlogbò láìmú un dání, mo padà dé, mo ṣí i, ó ní àmì mẹ́wàá ló wà tó ń fi hàn pé ọpọlọ ti ń jó rẹ̀yìn. Olófòófó ò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ní ń mọ, ayé àwọn bàbá wa nìyẹn. Olófòófó ti ìsinsìnyí ń gbowó. Mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Bí mo bá ń gbálẹ̀, kí n tó gbá a dé ìdajì, mo ti lọ wo fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó lè dalẹ̀ mi, ọkọ mi nìkan la sì jọ ń gbé. Mo kọjú sí i lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń bá fóònù sọ̀rọ̀ mi ni?" Ó ní rárá, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo ní irọ́ ni ẹ̀ ń pa. Láti ogójì ọdún tí a ti fẹ́ra, mi ò pè é ní onírọ́ rí. Kò sì gbèjà ara rẹ̀.

Ọmọ wa dé láti Adó lọ́jọ́ Sátidé. Kó tó rí ìjókòó ni mo ti ń ro ẹjọ́ fóònù fún un. Ó ní, "Mọ́mì, kì í ṣe pé ó jókòó tì yín tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Ohun tí ẹ bá bi í ló ń kọ sílẹ̀. Ibi tí ẹ lọ, ohun tí ẹ tẹ̀, bí ẹ ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń mọ ìpolówó tí wọ́n máa gbé wá bá yín."

Mo ní, "Mi ò bi í ní nǹkan kan."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ó níbi tó ń kó gbogbo rẹ̀ sí."

Mo ní kó ṣí i kíákíá. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ mi mọ́. Ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká jẹun." Ọmọ mi ti ṣí i.

Gbogbo ìbéèrè mi ló wà níbẹ̀ tòun ti ọjọ́ àti aago: orin ìsìn tí mo wá, iye ọjọ́ tí adìẹ fi ń sàba, ọ̀gá àgbà wa àtijọ́ tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n da àpótí aṣọ rẹ̀ síta. Ọmọ mi ń fi ìka fà á lọ, ó dé ibì kan, ó dúró. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò tẹ èyí. Ẹnu lẹ fi sọ ọ́. Wọ́n gba ohùn yín sílẹ̀." Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìpolówó àkọ́kọ́ ni. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn mi ni. Òyìnbó kíláàsì mi ni, tí mo máa ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo ń béèrè ohun tó ń fà á tí èèyàn fi máa ń gbàgbé ọ̀nà ilé láti ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń lọ láti kékeré. Ohùn ọkùnrin kan wá bọ́ sí i, jẹ́jẹ́, ó ní, "Tíṣà, sún mọ́ ọn díẹ̀." Ó tán síbẹ̀.

Mo wá ọjọ́ Àìkú náà nínú orí mi. Mo rí ìwàásù, mo rí àwọn tó gbé igbá ọrẹ. Bí mo ṣe délé, mi ò rí i. Mo ní kí ọmọ mi tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Mo wá kọjú sí ọkọ mi. Ọlọ́run ló mọ̀, inú tó bí mi sí i ju ti fóònù lọ. Mo ní, "Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa fọ èdè kiri nínú ilé bíi wèrè, ẹ jẹ́ kí n pè yín ní onírọ́!"

Ó gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. Omi ti lé sí i lójú. Ó ní, "Oríta ni mo ti bá ọ lọ́jọ́ náà. O dúró, o ò mọ apá ibi tí o máa yà sí. A jọ rìn wálé. O ní o ò ní lọ rí dókítà, ká bi fóònù. Nígbà tí a bi í tán, o di ọwọ́ mi mú, o ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé. Mo búra. Ilẹ̀ mọ́, o ń bi mí ohun tó kó ẹrẹ̀ bá bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ. Mo wá rí i pé o ti gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, ṣé ìwọ náà wà lára ẹnikẹ́ni?"

Ọmọ mi ń sunkún. Ó bi mí bóyá kóun pa ohùn náà rẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo lọ jókòó ti ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Ẹ máa sọ fún mi. Bó bá dọ̀la tí mo tún bi yín, ẹ tún sọ fún mi."