Ilẹ̀ Yàrá Àlejò fún Màlúù

"Kamaráàdì ìyá, ṣé ijó ni màlúù yín fẹ́ jó ni, tí ẹ fi ń wá ilẹ̀ tí kò ní yọ̀ fún un?"

Augustin ló bi Mouibatou léèrè bẹ́ẹ̀, ní ọdún kẹta lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba tí wọ́n ní Ìyípadà ti dé, kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kamaráàdì. Akọ̀wé ni Augustin. Kò gbá ìgbẹ́ ẹran rí láyé rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi í jẹ olórí ilé màlúù àdúgbò. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo màlúù wà lábẹ́ òrùlé kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Mouibatou ní, opó ni, màlúù náà sì lóyún, ó ku oṣù kan kó bí. Bí ó bá ṣubú, tìyátọmọ ni yóò bá a lọ.

Saïbou ni wọ́n pè kó wá rẹ́ ilẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n l'Ájàṣẹ́? Ilẹ̀ yàrá àlejò ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò fi irin pẹlẹbẹ fà á títí ìyàwó ilé yóò fi rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó mọ̀ náà ló ṣe fún màlúù.

Sìmẹ́ńtì ṣì tutù nígbà tí Mouibatou ní kó fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sí i, kí pátákò lè rí ibi tẹ̀, kí ilẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìtọ̀ lè ṣàn jáde.

"Ìyá wa, ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wí pé Saïbou ò mọ ilẹ̀ rẹ́ mọ́?"

"Màlúù kì í wo jígí, Saïbou."

Ìgbà yẹn ni Augustin béèrè ọ̀rọ̀ ijó, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn àlejò ìjọba dé láti Kútọnu, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ilẹ̀. Ìtọ̀ ò rí ọ̀nà lọ, ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, màlúù Mouibatou tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó bá ilẹ̀ lọ.

Mouibatou da yanrìn àti koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, ó fi okùn so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ níwọ̀nba, kí wọ́n má baà tún ya. Ọkùnrin mẹ́jọ gbé e. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dúró.

Saïbou wò ó tán, ó lọ mú òòlù àti irin wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbẹ́ ìlà sí ilẹ̀ dídán náà, ojú rẹ̀ bí ti ẹni tó ń gbẹ́ sàréè ọmọ rẹ̀. Kò gba nǹkan kan.

Augustin náà wá. Níwájú ọkùnrin mẹ́jọ tó gbé màlúù náà ló ti fọwọ́ sọ́yà pé bí ìpàdé bá dé, òun yóò dìde jẹ́wọ́ ẹ̀bi òun ní gbangba, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo kamaráàdì. "Mo jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá."

Ìpàdé dé. Mouibatou jókòó níwájú. Augustin bú àwọn ọ̀tá òkè òkun, ó bú ọ̀lẹ, ó wá bá màlúù kan wí tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bá Ìyípadà rìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mouibatou jókòó títí wọ́n fi kó bẹ́ǹṣì tán.

Màlúù náà bí abo. Abo náà ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì lórí ilẹ̀ onílà. Gbèsè ọ̀rọ̀ tí Augustin jẹ, ó ṣì jẹ ẹ́ dòní.