Àwọn Ọmọ Kíláàsì Inú Tíṣà Monísọ́lá

Wọ́n ní Tíṣà Monísọ́lá ń bọ kòkòrò. Lọ́dún 2003 ni ọ̀rọ̀ náà gba Ìtàjí kan. Ó gun ọ̀kadà dé Ìlúpéjú, nígbà tó sì fi máa padà wálé, ó ti lápá, ó ti lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ní kòkòrò náà tó ọmọ ọwọ́, inú ìyá ló ń gbé, omi ògì ló sì ń mu láràárọ̀. Àwọn mìíràn ní ó máa ń dáhùn tí ìyá bá kí i. Ẹnì kan tiẹ̀ búra pé òun gbọ́ nígbà tó ń húkọ́. Kòkòrò ló húkọ́ o, kì í ṣe ìyá.

Ìyá tí wọ́n ń wí yìí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá. Kò sí ẹni tó kàwé ní Ìtàjí láàárín ìgbà náà tí èékánná rẹ̀ kò mọ rúlà Tíṣà. "Àmì dà?" ni àwọn ọmọ sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn, nítorí ohun tó máa ń bèèrè nìyẹn kó tó na ọwọ́ sí rúlà. Bí o bá kọ ọkọ́ tí o kò fi àmì sí i, á ní kí o lọ gbé ọkọ ìyá rẹ wá, kí o fi roko fún òun.

Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń wí yìí, ó ti rẹ Tíṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì láti bí ọdún mẹ́fà, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti Ìbàdàn, inú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbádùn. Tó bá jẹun, inú á wú. Tí kò bá jẹun, inú á máa kùn bíi kíláàsì tí tíṣà jáde níbẹ̀. Lónìí á máa yàgbẹ́ gbuuru, lọ́la kò ní rí nǹkan kan yà. Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ló sọ di ẹ̀pà, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, kò sì sí dókítà tó kọ ọ́ fún un. Tó bá ti gbé e mì tán, á gbàdúrà pé kí iná Olúwa jó gbogbo ohun tó ń mí nínú òun run. Ohùn tó fi ń gbàdúrà náà kò ju ti ẹni tó ń pe rẹ́jísítà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì lọ.

Ohun kan ló kù tó ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọdún mọ́kànlélógún, òun ló ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì Yorùbá fún ìjọ Áńgílíkà lọ́jọ́ Ìsinmi. Tó bá ti fi awò sójú tó sì dúró níwájú, àárẹ̀ á lọ jókòó sẹ́yìn dè é títí yóò fi kà á tán.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó wọ́ ara rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ ni Sàmíát, ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn tí rúlà mọ̀ jù.

"Tíṣà, ẹ jókòó. Kí lẹ ń lò?"

Tíṣà da àwọn kápúsù sórí tábìlì. Sàmíát wò wọ́n, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ gbọ́, mà. Àwọn kòkòrò kan wà nínú èèyàn tí ojú ò lè rí. Àwọn kan burú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú wọn, ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n, àwọn ló ń bá wa da oúnjẹ. Kápúsù yìí ò mọ̀yàtọ̀, gbogbo wọn ló ń pa."

"Èmi wá ń pa ọ̀rẹ́ mi láti ọdún mẹ́fà?"

"Ẹ̀ ń gbìyànjú ẹ̀, mà."

"Mo tún ń gbàdúrà kí iná jó wọn."

"Ẹ bá mi tún àdúrà yẹn ṣe. Ọlọ́run ló fi wọ́n síbẹ̀."

Sàmíát kó àwọn kápúsù náà kúrò níwájú rẹ̀, ó wá ka ohun tó kù fún un: omi ògì, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, irú. Kó máa rìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó máa sùn dáadáa. Kó má máa fi ìbànújẹ́ jẹun. Kó kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́, kó dúpẹ́, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọ̀. Tíṣà ní òun á gbàgbé, kó bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. Sàmíát ya bébà kan, ó kọ ọ́ kíákíá: "E maa bo won laraaro, ki won le po si i. Omi ogi. Efo. Iru. Kokoro inu yin, ore yin ni won."

Tíṣà wo bébà náà. Àmì kan kò sí níbẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ó ká bébà sínú Bíbélì, ó sì lọ sílé.

Láti ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lẹ́yìn ilé láràárọ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀bù omi ògì. Ojú kọ́kọ́ ń tì í. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ fún ohun tí ojú ò rí, bí kì í bá ṣe ohun tó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sọ?

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì. Ta ni ò wá lónìí?"

Á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń ka orí. Á dúpẹ́. Á wá mu omi ògì náà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀. Nínú ìkẹta, inú tó ń kùn rọlẹ̀, bíi pé tíṣà ti padà wọlé. Ó ṣì máa ń rẹ̀ ẹ́, ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó ti rò pé òun nìkan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, kò tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ kún fún èrò.

Bọ́sẹ̀dé, aládùúgbò rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ń gbọ́ gbogbo ìkíni yìí láti ẹ̀yìn ọgbà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bébà nọ́ọ̀sì yọ nínú Bíbélì Tíṣà, ẹsẹ̀ Bọ́sẹ̀dé ló sì já sí. Ó ṣí i, ó kà á, ó tún un kà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bébà ti dé ọwọ́ Olúmúyìwá, wọ́dìn ìjọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti gun ọ̀kadà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìsìn parí, wọ́n pe Tíṣà sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mọ̀ọ́mì, a ò fẹ́ ariwo," ni Wọ́dìn wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ nǹkan ò lè máa ka ẹ̀kọ́ fún ìjọ."

"Mo fetí ara mi gbọ́ yín lẹ́yìn ulé, mà," ni Bọ́sẹ̀dé wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ẹ̀ ń kí wọn. Ẹ tún ń bi wọ́n pé ta ni ò wá."

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀. Gbogbo àárẹ̀ ọdún mẹ́fà rọ́ lé e léjìká. Ó fẹ́ gbé Bíbélì sílẹ̀ fún wọn, kó lọ sùn. Ó ti ń tì í sí wọn lórí tábìlì nígbà tó rí bébà tó wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó wà ní ìlà kìíní rẹ̀, ní ìhòòhò.

Ó dá awò padà sójú.

"Olúmúyìwá," ó pè é bó ṣe máa ń pè é ní kíláàsì mẹ́ta, "ka ohun tó wà níbẹ̀."

"Ẹ máa bọ wọ́n láràárọ̀."

"Àmì dà?"

Wọ́dìn, tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, wo bébà, ó sì rọra ká ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. "Kò sí àmì, mà."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé bọ ni?"

"Omi ògì àti irú wà níbẹ̀, mà. Mo rò pé ohun ètùtù ni."

"Irú, Olúmúyìwá?"

Bọ́sẹ̀dé bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bọ́sẹ̀dé lọ pe nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ wá. Ilé Sàmíát kò ju iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Sàmíát dé pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Tíṣà gbé bébà àti bírò lé e lọ́wọ́.

"Fi àmì sí i."

Sàmíát wo ìlà kìíní, ó wo ojú àwọn tó jókòó, ó yé e. Ó kọ́kọ́ di etí ara rẹ̀ mú bíi ti ilé ìwé. "Ẹ má bínú, Tíṣà."

"Kí n tó na rúlà ni kí o ti fi sí i."

Ó fi sí i. Wọ́dìn gba bébà náà, ó kà á sínú, ó sì ti Bíbélì padà síwájú ìyá. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gùn díẹ̀, ó ku bí agbára wọn bá ká a.

"Kò burú," ni Tíṣà wí, ó fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀. "A óò kà á."

Ó rìn lọ sílé díẹ̀díẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi sì ń pa á.

Bọ́ ni nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ, bọ́ tí à ń bọ́ adìyẹ. Kò fi àmì sí i ni.