Ìyá Àdùkẹ́

Bí mo bá ti gbóòórùn ẹyìn tó ń hó lórí iná, odídẹrẹ́ aládùúgbò wa ní Pobẹ̀ ni mo máa ń rántí. Àdùkẹ́ ni tọkọtaya tó ni ín sọ ọ́. Ọkọ a mú ẹyìn bọ̀ láti oko, ìyàwó a rún un lẹ́nu kó tó fi bọ́ ọ. Ìyá Àdùkẹ́ ni ọkọ ń pe ìyàwó, Bàbá Àdùkẹ́ nìyàwó ń pe ọkọ, ẹyẹ náà sì mọ̀ ọ́n pè bíi tiwọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ lóbìnrin bá ọkọ̀ ojú irin dé láti Sakété. Ó yọ ọ̀já ìpọnmọ tuntun nínú ẹrù, òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀.

Ó bi èmi tí mo ń ṣeré lọ́dọ̀ wọn pé, "Ọmọ dáadáa, Àdùkẹ́ dà? Wọ́n ní àbúrò mi ti di Bàbá Àdùkẹ́."

Inú mi dùn pé mo mọ̀ ọ́n. Mo nawọ́ sí ẹyẹ náà.

Màmá náà wò ó títí, ó ká ọ̀já, ó dá a padà sínú ẹrù. Ìyàwó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tó fi kí i.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé orúkọ ẹyẹ yẹn nìkan ni wọ́n rí fi pe ara wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, odídẹrẹ́ fi ohùn ọkọ pe ìyàwó pé, "Ìyá Àdùkẹ́!" Kò dáhùn. Látọjọ́ náà, bí ọkọ gan-an ló pè é bẹ́ẹ̀, kò dáhùn mọ́.